Ọjọ́ Tí Mo Gbá Ilé Àwọn Onífìlà

Mo ka ìwé dé Píráímárì Fọ́ọ̀ kí bàbá mi tó sọ pé ọwọ́ mi wúlò lóko ju kíláàsì lọ. Nítorí náà, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ohun tí mo ń kọ ni kí ẹ wò. Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, látorí ẹni tó dàgbà jù títí dé orí ajá Baálẹ̀. N kò ní kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Àwọn kan ti kú, mi ò fẹ́ da oorun wọn rú. Àwọn kan ṣì wà láyé, wọ́n sì lẹ́nu.

Ọkọ mi kú lẹ́yìn ìkórè àgbàdo tó kọjá. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá jókòó tì mí, wọ́n á fajú ro, wọ́n á máa retí kí n sunkún. Mò ń sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe níwájú wọn. Níwájú wọn, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi di àkìtàn kún inú ọkọ̀ ojú omi, tí à ń tù ú lọ bí ẹni gbé ẹrù ìyàwó. Ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu mi. Àwọn àlejò mi á wo ara wọn, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ti da orí màmá yìí rú. Orí mi pé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ajílété ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni wá látilẹ̀wá. Kí n tó lọ́kọ, omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ ni odò tí à ń fọ gbágùúdá sí. Àfi bí mo ṣe lọ fẹ́ apẹja, ní abúlé kékeré kan tó wà lẹ́yìn ìlú Tube, létí ọ̀sà, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo òkun bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá. Wọn ò pe orúkọ mi rí níbẹ̀. "Ará Ajílété" ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ mi wọlé.

Ọkọ mi ò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní aago. Ẹyẹ ló ní. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan wà, funfun báláú, ẹnu wọn pọ́n yòò, orí wọn dúdú bí ẹni dé fìlà. Onífìlà ni a ń pè wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti ń já ṣòòròṣò wọnú omi ni ẹja ṣáwá wà, ibẹ̀ náà ni ọkọ mi máa ń da àwọ̀n sí. Láàárín ọ̀sà, níwájú abúlé wa gan-an, òkìtì iyanrìn kan yọ lókè omi, Iyanrìn náà là ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn onífìlà máa ń yé sí lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn kì í kọ́ ìtẹ́. Wọ́n á kàn fi àyà gbẹ́ kòtò kékeré sínú iyanrìn, ó parí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Iyanrìn ni àwọn apẹja ti ń sá àwọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ sí, ẹsẹ̀ èèyàn kì í jẹ́ kí koríko hù. Bó bá di àsìkò tí ẹyẹ ń yé, wọ́n á kúrò fún wọn. Nígbà tó yá, a rí ibi ìgúnlẹ̀ tó dáa ní apá kejì, kò sẹ́ni tó lọ sórí Iyanrìn mọ́. Ni koríko bá gba ibẹ̀, ìtàkùn tẹ̀ lé e, alákàn kọ́lé sábẹ́ ìtàkùn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, àwọn onífìlà tó wá kéré. Ní ọdún kejì, wọ́n yí orí Iyanrìn po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lọ. Ó kù bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí a wọ 1990 nígbà yẹn. Ọkọ mi á jáde láàárọ̀, á gbé ẹja tí kò kún abọ́ wálé, á jókòó, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọkọ mi kan wà tí a ń pè ní Alágbọn. Gbogbo etí omi ló gbin àgbọn sí. Kò fẹ́ràn ohun mìíràn láyé, àwọn ìyàwó rẹ̀ gan-an máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá Baálẹ̀ pé kó fún òun ní Iyanrìn, òun fẹ́ gbin àgbọn síbẹ̀. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe ọkọ mi, èmi náà tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ilé ẹyẹ ni ibẹ̀," ni ọkọ mi wí.

"Ẹyẹ wo?" ni Alágbọn dáhùn. "Bàbá, ẹ bá mi bi í, ẹyẹ wo? Èyí tó ti kó lọ sí ìhà Faransé?"

"Wọ́n á padà."

"Ṣé wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ ni?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wá dájọ́. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, òun á wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra òun. Bí òun bá fi ojú òun rí ẹyin, Iyanrìn di ti ẹyẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbin nǹkan síbẹ̀. Bí òun ò bá rí ẹyin, kí Alágbọn máa gbé àgbọn rẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ọkọ mi ní, "Bí wọn ò bá yé, màá ta ọkọ̀. Ká kó lọ sí Ajílété. Bàbá rẹ á fún mi nílẹ̀."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Ẹ̀yin ò mọ ọkùnrin yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló di ọkọ́ mú rí lóko bàbá mi, ṣe ló ń tu ilẹ̀ bí ẹni tó ń tu omi, ó ń wa erùpẹ̀ lọ sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì, àwọn lébìrà bàbá mi fi ebè sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń rín. Ọkùnrin tó ń ṣe báyẹn ló fẹ́ di àgbẹ̀! Ó sì burú jùyẹn lọ fún èmi. Bí a bá kó lọ, gbogbo abúlé á ní ará Ajílété ló fa ọmọ àwọn lọ sílé bàbá rẹ̀. Títí di òní, mi ò rò pé ẹnì kan wà láyé tó fẹ́ kí ẹyẹ yé ẹyin tó èmi.

Ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé nígbà tí ọkọ mi ní ká lọ ro Iyanrìn, inú mi dùn bí ẹni jẹ oyè. Nínú ilé yẹn, mi ò mọ ọkọ̀ tù, mi ò mọ àwọ̀n ran, ẹja gan-an, ọwọ́ mi ló máa ń gé. Ṣùgbọ́n oko ríro? Mo di ọ̀gá! Mo to gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ, mo ń pàṣẹ.

"Ẹ tẹ̀ ba! Ẹ má fà á lórí, ẹ wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò!"

"Mọ́ńdiyé!" ni Ìyàwó Faransé ń kígbe. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi nìyẹn. Apá Kétu lọ́hùn-ún ló ti wá, wọ́n kọ́ ọ ní èdè Faransé díẹ̀ níléèwé, ó sì máa ń fi gbogbo rẹ̀ ké ìrora. "Mọ́ńdiyé, ẹ̀yìn mi! Ẹ̀gbọ́n, ṣé báyìí lẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ ní Ajílété? Abájọ tẹ́ ẹ fi sá wá fẹ́ apẹja!"

Ọkọ mi ní ká fi koríko díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ létí omi, kí àwọn ọmọ ẹyẹ lè rí òjìji sá sí bí oòrùn bá mú. Ó lé àwọn alákàn. Ó bẹ Baálẹ̀ kó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Iyanrìn ti yọjú, ó tẹ́jú, ìkarahun àti igi gbígbẹ tí omi gbé wá ló kù lórí rẹ̀ yẹ́ríyẹ́rí. Inú ọkọ mi dùn. Ó ní òun ń lọ sí ìhà Àgbádárìgì lọ ra òwú àwọ̀n, òun á lo ọjọ́ mẹ́rin.

"Àwọn àlejò wa ti fẹ́ dé," ló wí bó ṣe ń wọ ọkọ̀. "Ẹ bá mi mójú tó ibẹ̀ o."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Àlejò ń bọ̀. Kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Ajílété! Ìyá tó bí mi lè ṣàì jẹun láàárọ̀, kò lè ṣàì gbálẹ̀. Bí wọ́n bá ní àlejò ń bọ̀, àgbàlá wa á di ohun tí wọ́n ń wò. Kì í ṣe kí ó mọ́ nìkan, ojú ìgbálẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lórí ilẹ̀ régérégé, bí irun tí wọ́n fi òòyà yà. Ẹni tó bá gbá a tán á fẹ̀yìn rìn jáde kí ipasẹ̀ rẹ̀ má bàa bà á jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ìgbálẹ̀ méjì, mo pe Ìyàwó Faransé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹyẹ náà ń wo ilẹ̀ tó mọ́?" Mo ní ta ni kì í wò ó? A gbá Iyanrìn. A gbá a tọkàntọkàn. Gbogbo ìkarahun, gbogbo igi gbígbẹ, gbogbo egungun ẹja, a gbá a jọ, a dà á sọ́sà. À ń kọrin, à ń fẹ̀yìn rìn, à ń gbá, títí mo fi fẹ̀yìn bọ́ sínú omi gbàǹkọ̀ọ́ tèmi tìgbálẹ̀. Ìyàwó Faransé rín débi pé kò lè fà mí jáde. Nígbà tí a wẹ̀yìn wò láti inú ọkọ̀, Iyanrìn ń dán, ojú ìgbálẹ̀ hàn lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní bí ọba bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, ojú ò ní tì wá.

Àwọn onífìlà dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ẹ ò rí ayọ̀! Wọ́n bo ojú ọ̀run, wọ́n ń ké kíì-kíì. Gbogbo wa wà létí omi, à ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n bà. Wọ́n rìn síhìn-ín, wọ́n rìn sọ́hùn-ún, wọ́n fò sókè. Wọ́n tún bà, wọ́n tún fò, bí ẹni tó wọ ilé onílé. Ọ̀kan wá jókòó, ó gbẹ́ kòtò, kò pẹ́ ó dìde. A rí nǹkan kékeré níbẹ̀. Ẹyin! Mo ti lanu láti kígbe nígbà tí kannakánná kan já wálẹ̀ láti orí àgbọn Alágbọn, pàó, ó gbé e lọ.

Ìyá ọkọ mi jókòó lórí ẹní lẹ́yìn wa. Ó na ọrùn.

"Ìyàwó."

"Màmá."

"Kí ló ṣe Iyanrìn tó ń kọ mànà báyẹn?"

"A gbá a ni, mà."

"Ẹ gbá kí ni?"

"A gbálẹ̀ de àwọn àlejò, mà."

Màmá wò mí. Ẹ̀rín gbé e, ó rín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó tún un ró. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti tú ẹyẹ sí ìhòòhò. Àwọ̀ ìkarahun ni ẹyin wọn, ó ní tóótòòtó lára. Láàárín ìkarahun, o lè dúró tì í kí o má rí i. Lórí ibi tí o gbá yìí, àfi bí ẹyin tí wọ́n pàtẹ lọ́jà. Kannakánná á kàn máa mú èyí tó wù ú."

Orí mi fò lọ. Mo rí ọkọ mi lóko bàbá mi, ó ń tu ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò tilẹ̀ mọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un."

"Kí ni mo rí?" ni Màmá wí. "Ojú mi ò ríran mọ́." Bẹ́ẹ̀, òun ló rí Iyanrìn tó ń dán láti orí ẹní.

Omi ti gbé gbogbo ìkarahun wa lọ. Níbo ni a ti fẹ́ rí òmíràn? Ìyàwó Faransé ló ronú kàn án: ẹ̀yìn ilé ìdáná! Nílé apẹja, àkìtàn ẹ̀yìn ilé ìdáná kì í ṣe ewé. Ìkarahun ìṣáwùrù ni, èépá alákàn ni, ọdún gbọọrọ ló ti ń kóra jọ. A wọ àkìtàn ilé wa, a wọ ti ilé kejì, a wọ ti ìyàwó Baálẹ̀. Wọ́n bi wá ohun tí a fẹ́ fi ṣe, a ní àṣírí ni. A ṣa àfọ́kù ìgò kúrò kó má bàa gé àlejò lẹ́sẹ̀. Ó pọ̀ tó láti kún ọkọ̀. Ó rùn! Ìyàwó Faransé ń fi ọwọ́ kan tu ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì dimú.

Ta ni ká tún pàdé lójú omi bí kò ṣe Alágbọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa. Ṣé kì í ṣe àkìtàn ni mò ń wò yìí?"

"Ẹ̀bùn ni, bàbá."

"Ẹ̀bùn fún ta ni?"

"Fún àwọn àlejò wa."

"Ẹyẹ tí kò rí ẹyin yé lẹ wá ń gbé àkìtàn fún? Ẹ yà sọ́dọ̀ mi jàre, àgbọn mi ń fẹ́ ajílẹ̀!"

"Bàbá," ni Ìyàwó Faransé dá a lóhùn tìmú-tìmú, "gbogbo etí omi lẹ gbà, ṣé àkìtàn wa náà lẹ tún fẹ́ gbà ni?"

Ó rín, ó tu ọkọ̀ rẹ̀ lọ. A rìn yí Iyanrìn ká, à ń fọ́n ìkarahun bí ẹni fọ́n gàrí sóòrùn, kó má ṣúpọ̀ sójú kan. Àwọn onífìlà ń ké lókè orí wa. Nígbà tí a padà sétí omi, wọ́n bà. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò rìn kiri mọ́. Wọ́n jókòó, pẹ́ẹ́.

Ọkọ mi dé. Kó tó wálé, ó kọ́kọ́ tu ọkọ̀ yí Iyanrìn po, kò gúnlẹ̀. Mo dúró létí omi, mò ń wò ó. Ó ní, "Ó dáa," ó gbé òwú rẹ̀ wọlé.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ kí á tó retí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ wọ ọkọ̀ tòun ti agbádá. Alágbọn mú ọ̀pá dání láti fi sàmì sí ibi tí àgbọn àkọ́kọ́ á dúró. Ọkọ mi ló tu ọkọ̀, èmi àti Ìyàwó Faransé náà sì tẹ̀ lé wọn. A gúnlẹ̀. Àwọn ẹyẹ fò sókè, ariwo sọ. Baálẹ̀ dúró ní ẹsẹ̀ omi, ó bojú wo ilẹ̀. Ó wò, ó wò.

"Ìkarahun rèé," ló wí. "Èépá alákàn rèé. Èyí jọ àfọ́kù àwo ilé ìdáná. Ẹyin dà?"

Mo wò, èmi náà ò rí nǹkan kan. Ẹ wo wàhálà! Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, gbogbo ayé rí ẹyin. Ìgbà tí mo tún un ṣe, mo tún un ṣe débi pé Baálẹ̀ kò rí i.

"Ẹyin dà?" ni Alágbọn náà ń wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbé ẹsẹ̀, ó gbé ọ̀pá sókè láti fi gún ilẹ̀.

Àfi bí ẹni ju òkúta láti ọ̀run. Onífìlà kan já lù ú lórí, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn da ìgbẹ́ funfun sí àárín fìlà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Alágbọn ń fò, ó ń fi ọ̀pá na afẹ́fẹ́. "Ẹ gbà mí! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ wọn!"

"Dúró!" ni ọkọ mi ké. "Má gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn sílẹ̀!"

Alágbọn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó so mọ́ ọrùn ọkọ mi. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò. Lábẹ́ ẹsẹ̀ tó gbé sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù àwo tánganran aláwọ̀ aró kan, ẹyin méjì wà níbẹ̀, tóótòòtó, bí ìkarahun tó ń sùn.

"Ẹyin rèé," ni Baálẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó wá ní, "Òmíràn rèé." Ó tún ní, "Yéè, òmíràn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi!"

Bí ojú ṣe mọ ohun tó ń wá nìyẹn, ẹyin wà níbi gbogbo! Iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó lè mira. Baálẹ̀ ká agbádá mọ́ra bí aṣọ ìkókó. A ò mọ bí a ṣe máa padà sínú ọkọ̀. Ọkọ mi ló ní ká di aṣọ ara wa mú, ká fẹ̀yìn rìn, ká máa tẹ ojú ẹsẹ̀ tí a gbà wá. Báyìí ni Baálẹ̀, Alágbọn, apẹja àti ìyàwó méjì ṣe tò tẹ̀ léra, tí a ń fẹ̀yìn rìn lọ sínú omi, tí ẹyẹ ń da ìgbẹ́ lé wa lórí. Ìyàwó Faransé ń wí pé "Mọ́ńdiyé, Mọ́ńdiyé," ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n débi tí aṣọ tí mo dì mú lẹ́yìn rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Nínú ọkọ̀, Baálẹ̀ ní Iyanrìn di ti ẹyẹ. Alágbọn ń fọ fìlà rẹ̀ lómi. "Mo gbà," ló wí. "Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ẹ̀ sí mi lórí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi ń jẹun, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní, "Àwo aláwọ̀ aró yẹn, ṣé kì í ṣe èyí tí ìyá rẹ fún ọ tó fọ́ ni?"

Mo túbọ̀ ń ju abẹ̀bẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo ti Àgbádárìgì dé, ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà ní apá òkè, níbi tí ẹ ò da ìkarahun sí. Ó gún régé. Lábúlé yìí, mi ò mọ ẹlòmíràn tó ń gbálẹ̀ báyẹn."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú."

"Dìde," ló wí. "Ṣé ọbẹ̀ kù?"

Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, á wò mí láti ẹnu ọ̀nà, á ní, "Àlejò ń bọ̀ o. Ṣé o ti gbá a?" Mo máa ń ju ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi lù ú. Bẹ́ẹ̀ ló sì di àṣà àwọn ìyàwó ilé wa: bí wọ́n bá ro Iyanrìn tán, wọ́n á gbé ìkarahun ìdáná ọdún náà lọ síbẹ̀.

Ìṣáwùrù ni ohun tí ọkọ mi bèèrè kẹ́yìn. Mo sè é fún un, mẹ́ta péré ló lè fà. Mo fọ ìkarahun rẹ̀ gbogbo, mo kó o sínú bàsíà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ mi obìnrin ti fẹ́ dà á nù lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ̀ fún un. Ọyẹ́ ti dé báyìí. Àná, mo rí onífìlà méjì lójú ọ̀run. Wọ́n ní orúnkún mi ò lè wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi sínú rẹ̀ bí àpò gàrí, èmi ni màá fọ́n èyí tó wà nínú bàsíà yẹn fúnra mi.

Mi ò ní mú ìgbálẹ̀ dání.